Ẹ̀gbọ̀n Òwú Lókè Kọ́bọ́ọ̀dù

"Rodiat tún ti ṣubú!"

Ohùn obìnrin tó wà lórí fóònù ń gbọ̀n. Ìnsípẹ́kítọ̀ Títílọlá Ṣófẹ̀lá ti mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kí ó tó béèrè orúkọ. Alájà Àlímátù ni, oníṣòwò aṣọ ní Ìtòkú, ìyá Rodiat. Òun ló wá sí àgọ́ ọlọ́pàá níbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, tó ń sunkún, tó ní wọ́n ti fún ọmọ òun ní májèlé jẹ.

"Ṣé ó ń mí, Màmá?"

"Ó ń mí, ṣùgbọ́n kò dá mi lóhùn. A ti gbé e dé ọsibítù. Ọmọ mi, ta ló tún fún un ní nǹkan jẹ o? Ṣebí ẹ ti mú Fàòsíyà!"

Títílọlá yíjú sí ọ̀nà tó lọ sí àtìmọ́lé. Láti Ọjọ́bọ̀ ni Fàòsíyà ti wà níbẹ̀. Sátidé ni wọ́n wà yìí.

"Ẹ dúró ti ọmọ yín, Màmá. Màá pè yín padà."

Lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀ràn náà kò lọ́jú pọ̀ rárá. Ilé kan wà ní Ìbarà tí àwọn ayálégbé jọ ń gbé, tí wọ́n jọ ń lo ilé ìdáná kan àti yàrá ìfọṣọ kan. Rodiat ń gbé ibẹ̀. Báńkì ló ń bá ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ojoojúmọ́ ló sì ń lọ tó ń bọ̀. Fàòsíyà náà ń gbé ibẹ̀, ó ń rán àdìrẹ ní aṣọ wíwọ̀, ó ń kó o lọ tà ní Ìtòkú. Fàòsíyà gbàgbé ìkòkò Rodiat sórí iná, ìkòkò jóná, àwọn méjèèjì sì tahùn síra wọn débi pé ará ilé kejì gbọ́. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Fàòsíyà gbé ìrẹsì Ọ̀fàdà fún Rodiat. Rodiat jẹ ẹ́, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ sinmi. Nígbà tí wọ́n fi máa rí i, ó ti bì sórí ibùsùn, kò sì mọ ibi tó wà mọ́. Dókítà kò rí májèlé kankan nínú èébì rẹ̀, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tó kọ́kọ́ gba ẹjọ́ náà ní májèlé tiwa-n-tiwa kì í hàn nínú àyẹ̀wò òyìnbó. Ó lọ mú Fàòsíyà. Ara Rodiat yá, ó padà sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n ní ọ̀ràn ti parí nìyẹn.

"Jùbrílù," ni Títílọlá pe Sájẹ́ǹtì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, "ṣé ẹni tó wà ní àtìmọ́lé lè se oúnjẹ fún ẹni tó wà nílé?"

Jùbrílù ronú díẹ̀. "Àfi tó bá ní ẹni tó ń rán níṣẹ́, mà."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí oúnjẹ kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Gba kọ́kọ́rọ́ wá."

Fàòsíyà jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti dàgbà láàárín ọjọ́ tó lò níbẹ̀. Aró ti wọ abẹ́ èékánná rẹ̀, ó ti di ara rẹ̀.

"Rodiat tún ti ṣubú," ni Títílọlá wí, ó sì ń wo ojú rẹ̀.

Fàòsíyà fò dìde. "Ṣé ó kú?"

"Kò kú."

"Alihamudulilaahi." Ó tún jókòó. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó ronú kan ara rẹ̀. "Mà, èmi ni mo wà níbí o!"

"Mo rí ọ. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé o máa ń wọ yàrá Rodiat?"

"N kò wọ̀ ọ́ rí. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbé ìrẹsì náà lé e lọ́wọ́. Mo ní kó má bínú nítorí ìkòkò. Ó ní ó ti tán."

"O ò fẹsẹ̀ kan inú ibẹ̀ rárá?"

"Mo fi Ọlọ́run búra, mà."

"Má búra. Òótọ́ nìkan ni mo fẹ́."

"Òótọ́ ni mo sọ fún yín."

Títílọlá mi orí. Ó ti gbọ́ irọ́ púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ó sì mọ̀ pé ẹni tó ń purọ́ kì í kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹni tó fẹ́ pa ti kú, kó tó rántí pé òun wà ní àhámọ́.

Ilé náà wà ní àdúgbò tó dákẹ́, lẹ́yìn àwọn ọ́fíìsì ìjọba. Ilé ilẹ̀ tó fẹ̀ ni, páànù orí rẹ̀ ti pọ́n, ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Alàgbà Olúṣẹ̀yẹ, onílé, ló ṣí géètì fún wọn. Iṣẹ́ ìjọba ni bàbá náà ti fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, òun nìkan ló sì ń gbé inú ilé kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, gbogbo àdúgbò ló ń bọ̀wọ̀ fún un.

"Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá. Ẹ kú ìpayà o."

"A kú u o, ọmọ mi. Ẹ kú wàhálà wa."

Ojú ọjọ́ tutù, òjò ti dáwọ́ dúró láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, oòrùn kò sì yọ, ìkùukùu ṣáá ló bo ojú ọ̀run. Síbẹ̀ òógùn ń sàn níwájú orí Alàgbà. Eruku funfun wà ní èjìká ẹ̀wù rẹ̀.

"Ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ ni, Bàbá?"

Alàgbà gbọn èjìká rẹ̀. "Mò ń tún nǹkan díẹ̀ ṣe. Ilé kì í tán níṣẹ́." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Bí ẹ bá ń wádìí, ẹ bá Abdulbaqi tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ tó ń jágbe mọ́ ọmọbìnrin yẹn lọ́jọ́ kan. N kò fẹ́ dá sí i tẹ́lẹ̀ ni."

"Ẹ ṣé, Bàbá. A ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Yàrá Rodiat ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìfọṣọ, ògiri kan ló là wọ́n láàárín. Ibùsùn, tábìlì, kọ́bọ́ọ̀dù gíga kan, fáànù nínú àjà. Abọ́ láfún wà lórí tábìlì pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tó kù nísàlẹ̀ àwo. Títílọlá tẹ nọ́ńbà Alájà.

"Màmá, kí ni Rodiat jẹ lónìí?"

"Láfún tí mo tẹ̀ nílé mi ní Ìtòkú. Èmi ni mo gbé e wá fúnra mi. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Àwo kan náà la ti jọ jẹ ẹ́."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Kò sí nǹkan tó ṣe yín?"

"Kò sí o. Orí kàn ń fọ́ mi díẹ̀ nígbà tí mo jókòó tì í. Mo ní àìsùn ni. Mo jáde lọ kírun níwájú ilé, orí náà sì fúyẹ́. Ìgbà tí mo padà wọlé ni mo bá a nílẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń yọ ìfófòó."

"Ṣé fèrèsé wà ní ṣíṣí?"

"Ó ní òtútù ń mú òun. Mo tì í fún un."

Títílọlá dúró pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ lẹ́yìn tí Alájà ti gbé tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn méjì jẹun nínú àwo kan. Èyí tó dúró sínú yàrá ṣubú. Èyí tó jáde, ara rẹ̀ yá.

"Mà!" Jùbrílù ti gun àga, ó ń wo orí kọ́bọ́ọ̀dù. "Ẹ wá wo nǹkan!"

Ó fi ìka gbá a wá: ẹ̀gbọ̀n òwú tó fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìẹ, aláwọ̀ aró, tó ti dàpọ̀ mọ́ funfun díẹ̀.

"Àdìrẹ nìyí," ni Jùbrílù wí, inú rẹ̀ dùn. "Ta ló ń rán àdìrẹ nínú ilé yìí? Ó ní òun kò wọ yàrá yìí rí. Ó purọ́ fún wa, mà."

Títílọlá gba ẹ̀gbọ̀n òwú náà, ó tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka méjì. Òwú náà rin díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ibùsùn, ó wo ẹsẹ̀ tábìlì. Kò rí nǹkan kan. Ó wá gba orí àga lọ́wọ́ Jùbrílù, ó fọwọ́ ra orí abẹ fáànù. Ìka rẹ̀ jáde ní àwọ̀ aró.

"Jùbrílù, bí èèyàn bá wọ yàrá ẹlòmíràn lọ fi nǹkan sínú oúnjẹ, ibo ni aṣọ rẹ̀ á ti gbọn òwú sí?"

"Ilẹ̀, mà. Tàbí ara ibùsùn."

"Rodiat ń gbálẹ̀, ó ń gbọn aṣọ ibùsùn. Kò sẹ́ni tó ń gbá orí fáànù. Ṣé Fàòsíyà gun fáànù ni?"

Jùbrílù gbójú sókè. Àjà yàrá náà kò dà bí ti àwọn yàrá yòókù tí wọ́n ti fi rọ́bà tuntun bò. Pákó àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe é, àlàfo sì wà láàárín pákó kan sí èkejì. Ní apá tó kángun sí yàrá ìfọṣọ, pákó náà ti dúdú, ó ń dán fún omi.

"Òjò ni," ni ohùn kan wí lẹ́nu ilẹ̀kùn. Alàgbà ló dúró níbẹ̀. "Páànù ilé yìí ti pẹ́. Mò ń wá oníṣẹ́ tó máa bá mi tún un ṣe."

"Ẹ ṣé, Bàbá," ni Títílọlá wí. Kò bi í pé òjò wo.

Abdulbaqi dìde nígbà tí wọ́n wọlé, kò sì mọ ibi tí òun ìbá gbé ọwọ́ sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà ni. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ, wà ní òkìtì lórí ibùsùn.

"Wọ́n ní o jágbe mọ́ Rodiat."

Ó gbé ojú sílẹ̀.

"Abdulbaqi, bí o bá dákẹ́, àwa la máa bá ọ sọ ọ́, a sì lè ṣì í sọ."

"Mo ní kó fẹ́ mi, mà. Ó kọ̀ fún mi. Mo pariwo." Ó mú ṣẹ́ẹ̀tì kan, ó ń ká a. "Ojú ló tì mí. N kò mọ ohun tí èèyàn ń ṣe sí ìtìjú tẹ́lẹ̀, mo kàn ń pariwo ni. Mo ti bẹ̀ ẹ́."

"Ẹni tó kọ̀ ọ́ yìí, ìwọ lo gbé e jáde lónìí?"

"Ìyá rẹ̀ kígbe, mo sáré. Mo wà lẹ́nu dráyà, ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ, mò ń dúró de aṣọ mi. Sátidé ni gbogbo wa ń fọṣọ, mà. Láti Mọ́ńdè, ojú ọ̀nà Èkó là ń jí sí. Mo gbé e, mo ṣí fèrèsé."

"Èé ṣe tí o fi ṣí fèrèsé?"

Abdulbaqi dúró, bí ẹni tí kò tíì bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè náà rí. "Orí mi fò lọ bí mo ṣe wọlé. Inú yàrá náà móoru, ó sì rin, bí ilé tí wọ́n ti ń se omi gbígbóná. Mo fẹ́ afẹ́fẹ́ ni."

Jùbrílù ń fi ojú bá Títílọlá sọ̀rọ̀ pé kí àwọn mú ọmọkùnrin náà. Títílọlá kò wò ó. Ó ti rìn lọ sídìí fèrèsé Abdulbaqi, tó ṣí sílẹ̀ gbayawu.

"Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ níbí dáadáa."

"Láìpẹ́ yìí ni mo tó lè ṣí i, mà. Páìpù tí dráyà ń gbà mí jáde wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti tàn án, ooru àti ẹ̀gbọ̀n òwú á kún yàrá mi. Mo fẹjọ́ sun Bàbá títí ó fi sú èmi fúnra mi. Wọ́n wá ní àwọn ti wá nǹkan ṣe sí i."

"Ìgbà wo ni ooru náà dáwọ́ dúró?"

"Ọ̀sẹ̀ tí..." Ojú rẹ̀ yí padà. "Ọ̀sẹ̀ tí Rodiat kọ́kọ́ ṣubú ni, mà."

Wọ́n gba ẹ̀yìn ilé. Páìpù náà yọ ẹnu jáde lára ògiri, lábẹ́ fèrèsé Abdulbaqi, ó fẹ̀ tó ẹnu agolo mílíìkì ńlá. Títílọlá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Kí lo rí, Jùbrílù?"

"Páìpù, mà. Alántakùn ti takùn bo ẹnu rẹ̀. Eṣinṣin gbígbẹ wà nínú okùn náà."

"Okùn náà já?"

"Kò já."

"Abdulbaqi fi ẹ̀rọ mú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbẹ lónìí. Afẹ́fẹ́ tó lè mú aṣọ tútù gbẹ, ibí ló yẹ kó gbà jáde. Alántakùn wo ló ń kọ́lé sójú ìjì?"

Jùbrílù tún un wò, ó na ìka sí okùn alántakùn náà, kò sì fọwọ́ kàn án. "Kò gba ibí jáde, mà."

"Kò gba ibí jáde. Ó gba ibòmíràn."

Nínú yàrá ìfọṣọ, ẹ̀rọ amáṣọgbẹ náà tóbi, ó funfun, sílíńdà gáàsì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alàgbà ló rà á lọ́wọ́ ẹnìkan tó kó ẹrù ti òkè òkun dé. Nítorí pé iná ìjọba kò dúró sójú kan, ó mú èyí tó ń fi gáàsì gbóná. Títílọlá tàn tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀. Páìpù rírọ̀ kan so ó mọ́ ara ògiri, ṣùgbọ́n tépù tí wọ́n fi dè é ń dán, kò sí eruku kankan lára rẹ̀. Ó gbé tọ́ọ̀ṣì sókè. Lára àjà, lókè ẹ̀rọ náà gan-an, wọ́n ti kan ègé pákó tuntun kan mọ́ ojú ihò. Orí ìṣó rẹ̀ ṣì funfun.

"Wá àkàbà. Mo rí i lẹ́yìnkùlé."

Jùbrílù gun un, ó fi ẹ̀yìn òòlù yọ pákó náà, ó ki orí bọ inú àjà. Ohùn rẹ̀ bọ̀ láti òkè, bí ẹni tó wà nínú àmù.

"Yéè! Mà, ẹ̀gbọ̀n òwú ti kún ibí bí ìtẹ́ ẹyẹ! Aláró, funfun, oríṣiríṣi. Gbogbo pákó ló tutù. Ó lọ títí dé orí yàrá Rodiat."

"Sọ̀ kalẹ̀, má pẹ́ níbẹ̀."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń gbọn irun orí rẹ̀. "Ó yé mi bí òwú Fàòsíyà ṣe débẹ̀. Oòrùn kò yọ, ó ń fi dráyà mú àdìrẹ gbẹ. Aṣọ rẹ̀ ló wọ yàrá Rodiat, kì í ṣe òun. Ṣùgbọ́n ooru nìkan, mà? Ooru ha lè mú èèyàn dákú bẹ́ẹ̀?"

"Kí ló dé tí a kì í tan jẹnẹrétọ̀ sínú yàrá tí èèyàn ń sùn?"

"Èéfín rẹ̀ ń pa..." Jùbrílù yíjú sí sílíńdà gáàsì.

"Gáàsì tó ń jó nínú ẹ̀rọ yìí náà ní èéfín. A kì í rí i, kì í sì í rùn. Inú àjà ni wọ́n ń dà á sí, ó ń gba àlàfo pákó sọ̀ kalẹ̀ bá ọmọbìnrin tó ti fèrèsé mọ́ra rẹ̀."

Ó ti ń tẹ fóònù. Dókítà gbé e.

"Dókítà, ẹ má wá májèlé nínú ikùn Rodiat mọ́. Èéfín gáàsì ló fà símú. Inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wò."

Dókítà ní, "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà?"

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ." Títílọlá gbọ́ tó ń pe nọ́ọ̀sì kí wọ́n gbé atẹ́gùn wá, kíá, kí wọ́n má sì yọ ọ́ nímú rẹ̀.

Alàgbà Olúṣẹ̀yẹ jókòó lórí àpótí kan lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Nígbà tó rí ègé pákó lọ́wọ́ Jùbrílù, kò dìde.

"Bàbá," ni Títílọlá wí, "n kò wá bi yín bóyá ẹ̀yin lẹ fa páìpù yẹn gba inú àjà, tàbí bóyá ẹ̀yin lẹ yọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń gbé Rodiat lọ sí ọsibítù. Eruku àjà ṣì wà lára yín. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ìgbà tó yé yín."

"Kí ló yé mi?"

Títílọlá wá ibi jókòó sí, ó sì ń wo ilẹ̀. Jùbrílù fẹ́ sọ̀rọ̀, Títílọlá gbọ́wọ́ sókè dá a dúró. Ewúrẹ́ kan ń ké ní ilé kejì.

"N kò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni," ni Alàgbà wí nígbà tó yá.

"Mo gbà bẹ́ẹ̀."

"Abdulbaqi kò jẹ́ kí n sinmi. Mo ní iṣẹ́ kékeré ni, mo lè ṣe é fúnra mi. Mo rò pé ooru lásán ni, pé á gba abẹ́ páànù jáde lọ. Ìyẹn nìkan ni mo rò."

"Ìgbà wo ló yé yín, Bàbá?"

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú rẹ̀. "Ọjọ́rú. Fàòsíyà kó aṣọ sínú ẹ̀rọ náà. Mo rí omi lára pákó, mo gun òkè lọ wò ó. Kò pẹ́ tí mo débẹ̀ tí ojú mi ṣú. Díẹ̀ ló kù kí n jábọ́. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bì. Bí ọmọbìnrin yẹn ṣe bì gẹ́lẹ́." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ọkàn mi sọ ọ́ fún mi níbẹ̀."

"Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n wá mú Fàòsíyà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Níbo lẹ wà?"

"Èmi ni mo ṣí géètì fún wọn."

"Kí lẹ sọ?"

"Mo ní, Ọlọ́run á ṣèdájọ́."

Jùbrílù yí ojú rẹ̀ sápá kan.

"Mo fẹ́ yọ páìpù náà," ni bàbá náà tẹ̀síwájú, bí ẹni tó ń sáré kí ọ̀rọ̀ má bàa já mọ́ ọn lẹ́nu. "Mo ní kí ariwo kọ́kọ́ rọlẹ̀. Bí mo bá yọ ọ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n á bi mí léèrè ìdí. Mo lọ ìpàdé ìjọ láàárọ̀ yìí, n kò mọ̀ pé Rodiat ti dé lánàá. Ká ní mo mọ̀ ni..."

"Ẹ mọ̀ pé Sátidé ni wọ́n ń fọṣọ. Ẹ mọ̀ pé Abdulbaqi wà nílé. Ẹ sì mọ̀ pé Fàòsíyà wà lọ́dọ̀ wa."

Alàgbà wo ilé rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Wọ́n á ní èmi Olúṣẹ̀yẹ ni mo ń pa ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn. Mo fẹ́ kí orúkọ mi mọ́."

"Orúkọ Fàòsíyà ńkọ́, Bàbá?"

Ó tẹrí ba. Títílọlá dìde. Kò bínú mọ́. Àárẹ̀ ló mú un, irú èyí tó máa ń mú un nígbà tó bá rí i pé kì í ṣe èèyàn burúkú ló ṣe nǹkan burúkú. Ó sọ fún un pé wọ́n ń mú un lọ, ó sọ ìdí rẹ̀. Jùbrílù na ọwọ́ sí bàbá náà, ó ràn án lọ́wọ́ títí ó fi wọ inú ọkọ̀. Abdulbaqi dúró lẹ́nu fèrèsé rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí.

Oòrùn ti ń yọ díẹ̀ lábẹ́ ìkùukùu nígbà tí wọ́n dé àgọ́. Dókítà ti pè lójú ọ̀nà: ẹ̀jẹ̀ Rodiat ti jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ Títílọlá, ọmọbìnrin náà sì ti lajú, ó ti mọ orúkọ ara rẹ̀. Wọ́n ṣí àtìmọ́lé. Fàòsíyà jáde pẹ̀lú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti wọ̀ ọ́. Ó gbọ́ gbogbo àlàyé tí Títílọlá ṣe, kò béèrè nǹkan kan. Ìgbà tó gbọ́ orúkọ Alàgbà nìkan ló dáwọ́ bàtà dúró díẹ̀.

Alájà Àlímátù wọlé. Ó ti fi àbúrò rẹ̀ sọ́dọ̀ Rodiat ní ọsibítù. Ìbòrí rẹ̀ ti wọ́ sẹ́yìn, kò sì ráyè tún un ṣe. Bó ṣe rí Fàòsíyà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀.

Fàòsíyà sáré di apá rẹ̀ mú.

"Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, Màmá."

"Jẹ́ kí n kúnlẹ̀, ọmọ mi. Mo ṣẹ̀ ọ́."

"Àgbà ni yín. Bí ẹ bá kúnlẹ̀, á di dandan kí n ní ó ti tán. N kò tíì fẹ́ kó di dandan."

Alájà dúró báyìí, kò nà tán, kò sì tẹ̀ tán. Jùbrílù tó wà lẹ́nu tábìlì kò mọ ibi tí òun máa wò.

"Kí wá ni kí n ṣe?" ni Alájà béèrè nígbẹ̀yìn.

"Ìtòkú ni mo ti ń jẹun, Màmá. Ibẹ̀ lẹ dúró sí, tí ẹ pè mí ní olóró níwájú gbogbo wọn. Ẹ ò pè mí bẹ́ẹ̀ níbí. Bí ẹ bá bẹ̀ mí níbí, ta ló gbọ́?"

Alájà fa ìbòrí rẹ̀ síwájú, ó so ó dáadáa lábẹ́ àgbọ̀n.

"Ọjà kò tíì tú," ló wí. "Ká lọ."

"Báyìí?"

"Báyìí. Ìsọ̀ kan sí èkejì. Bí mo ṣe pariwo lọ́jọ́ náà, màá tún un pa."

Fàòsíyà wo ara rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. "Aṣọ tí mo wọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ló ṣì wà lọ́rùn mi. N kò tíì wẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni kí wọ́n rí ọ," ni Alájà wí. "Èmi ni mo fà á."

Ó na ọwọ́ sí i. Fàòsíyà kò di ọwọ́ náà mú. Ó dìde ṣá, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà kejì, ó sì tẹ̀ lé e jáde. Títílọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń rìn lọ sójú títì, Alájà níwájú, Fàòsíyà lẹ́yìn, títí ọkọ̀ kan fi dúró fún wọn, tí Alájà sì gbójú sókè sọ fún dírẹ́bà, ní ohùn tó dé etí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, pé Ìtòkú ni àwọn ń lọ.